Owó fàdákà ńlá tó ní àbàwọ́n: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tà á rí l'Ábùjá àti l'Ókè Ọya, ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Ìbejì, Lugbe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ kí ẹlòmíì tó sọ tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó pẹ́ ní Australia ló fi Kookaburra kílò kan sílẹ̀ fún wa, ẹyọ owó fàdákà ni o, kì í ṣe góòlù, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹyẹ wà lójú kan, orí Ọbabìnrin Elizabeth wà lójú kejì, wọ́n sì kọ dọ́là 30 sí i lára. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé dọ́là 30 ti Australia yẹn ni iye ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn tàn yín jẹ, odidi kílò fàdákà ló wà níbẹ̀, áúnsì 32.15 nìyẹn, mò ń sọ áúnsì tí wọ́n fi ń wọn góòlù àti fàdákà o, gíráàmù 31.1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀.

Tiwa ní àlébù lára, mi ò ní purọ́. Àwọn àbàwọ́n funfun kan wà lójú ọbabìnrin bí ẹni ta wàrà sí i, milk spot làwọn tó ń ṣòwò ẹ̀ ń pè é, láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ló ti máa ń wá, kódà ẹni tí ò yọ tiẹ̀ kúrò nínú ike rí lè ṣàdédé rí i lára ẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn Canada tiẹ̀ ní láti wá nǹkan ṣe sí i lára Maple Leaf, ẹyọ owó fàdákà tiwọn, ní 2018, torí ariwo àwọn oníbàárà ti pọ̀ jù. Yàtọ̀ síyẹn, ó họ díẹ̀ níbi ìrù ẹyẹ náà, ike ẹ̀ sì ti fọ́ nínú ẹrù nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀ wálé, etí ẹ̀ lápá kan wá tẹ̀ wọnú.

Mo gbé e lọ Wuse. Ẹni tó ń ra góòlù yẹn gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí àánú mi ń ṣe, ló bá ní, "Ọ̀gá, èyí ti bàjẹ́ o, wo funfun yìí, wo ibi tó ti họ, mi ò lè san ju ìdajì lọ." Mo ní kó gbé síkéèlì wá ná. Síkéèlì ní gíráàmù 1,000 ó lé díẹ̀. Mo wá bi í pé, "Màlámù, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní òun fẹ́ yọ́ ọ fi ṣe òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Mo ní, "Tó o bá yọ́ ọ tán, ṣé funfun yìí á ṣì wà lára òrùka náà?" Ẹ̀rín pa á.

Kókó ibẹ̀ rèé o. Ẹni tó fẹ́ yọ́ nǹkan, ìwọ̀n ẹ̀ àti bí fàdákà ẹ̀ ṣe mọ́ tó ló kàn án. Ẹni tí àlébù kàn ni ẹni tó ń kó o jọ, torí ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ àwòrán ẹyẹ yẹn láti 1990, àwọn kan sì wà tó ń wá ọdún kan pàtó, wọ́n fẹ́ kó máa dán, wọ́n fẹ́ kó wà nínú ike ẹ̀, àwọn yẹn máa ń sanwó tó ju ìwọ̀n ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ owó tí wọ́n bá rí ibi tó họ. Ṣùgbọ́n kéèyàn fẹ́ fi iná yọ́ ọ kó tún máa bú ẹwà ẹ̀, ìrẹ́jẹ nìyẹn jàre.

Ibi tí wọ́n tún ti ń gé èèyàn lọ́wọ́ ni inú ìṣirò. Ká ní fàdákà wà ní dọ́là 30 ti Amẹ́ríkà fún áúnsì kan (àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ yẹ ti ọjọ́ yín wò lórí fóònù), kílò kan á jẹ́ dọ́là 964. Ẹni tó fẹ́ rà á á ní òun fẹ́ yọ owó iná, òun fẹ́ yọ èrè òun, ìyẹn ò burú, gbogbo wa la fẹ́ jẹun. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò sí dọ́là ná, kẹ́ ẹ tó wá sọ iye tẹ́ ẹ máa ṣẹ́ ẹ sí náírà. Màlámù yìí ti bá mi dé ibi tó dáa lórí dọ́là o, a ti fẹ́ bọra wa lọ́wọ́, ló bá lọ mú iye dọ́là ayé àtijọ́ jáde. Mo ní kò burú, dìde ká jọ rìn dé Zone 4 ká bi àwọn aboki tó ń ṣẹ́ dọ́là níbẹ̀. Kò dìde.

Garki ni mo padà tà á sí, ọ̀dọ̀ Alhaji àgbàlagbà kan. Fáìlì lòun kọ́kọ́ mú jáde, ó fẹ́ rẹ́ etí ẹ̀ wò bóyá òjé ló wà nínú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Alhaji, ẹ jẹ́ ká fi omi wò ó. A gbé abọ́ omi sórí síkéèlì, a dá a padà sí òdo, a fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, mo wá rọra rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Síkéèlì dúró sórí gíráàmù 95, ìwọ̀n omi tí owó náà tì kúrò nìyẹn. Bó ṣe yẹ kí kílò fàdákà gidi ṣe nìyẹn, ká ní òjé ni ì bá má ju 88 lọ, ká ní bàbà ni á ti lé ní 110. Alhaji ní ká tún un ṣe lójú ọmọ òun, a tún un ṣe. Owó tó san fi díẹ̀ dín sí iye ọjà àgbáyé, kò sì sọ gbólóhùn kan nípa àbàwọ́n.

Ìyá Tọ́ún, Kánò

Bàbá Ìbejì ẹ ṣé gan-an ni. Tèmi kì í ṣe ti ìsinsìnyí, ìyá ọkọ mi tó ṣòwò ní Sabon Gari títí tó fi dàgbà ló fún mi ní ẹ̀gbà ọrùn kan tí wọ́n to owó fàdákà ńlá sí, obìnrin sanra kan tí àyà ẹ̀ kún dáadáa ló wà lára gbogbo wọn (àwọn ọmọ mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́), 1780 ni wọ́n sì kọ sí gbogbo wọn. Maria Theresa ti Austria ni, 1780 ló kú, wọn ò sì yé tẹ owó náà lẹ́yìn ikú ẹ̀, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ń kọ sí i, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ó ti ju igba ọdún lọ torí 1780 tó rí, ó lè jẹ́ àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Owó yìí kì í ṣe àlejò níbí o, wọ́n ná an ní Borno dáadáa ní ọ̀rúndún 19, àwọn alágbẹ̀dẹ sì máa ń yọ́ ọ fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Àlébù tèmi ni pé wọ́n ti lu ihò sí òmíràn nínú wọn, wọ́n sì ti jó òrùka kékeré mọ́ àwọn yòókù lórí. Mo kó wọn lọ ọjà Kurmi, ẹni tí mo bá níbẹ̀ ní azurfa (fàdákà lédè Hausa) yìí ti lú, ó fẹ́ rà á bí ìdajì fàdákà ìdajì bàbà. Mo ní rárá o, 833 nínú 1,000 ni fàdákà ẹ̀, odidi ẹyọ kan jẹ́ gíráàmù 28.07, fàdákà tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 23.4. Èyí tó ní ihò, ká wọ̀n ọ́n bó ṣe wà, ihò yẹn ti yọ owó ara ẹ̀ kúrò nígbà tó fúyẹ́. Èyí tó ní òrùka, mo gbà kó já òrùka ẹ̀ kúrò ká tó wọ̀n ọ́n torí n kò mọ ohun tí wọ́n fi jó o. Ó wò mí títí, ó bi mí pé ṣé alágbẹ̀dẹ lọkọ mi ni. Tíṣà ni o.

Àwọn tó lu ni mo tà. Àwọn tí ojú àti etí wọn ṣì pé, tí èèyàn ṣì lè ka ọ̀rọ̀ Látìnì tó yí etí wọn ká, wọ́n wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ ni mo fẹ́ tà wọ́n fún.

Délé Kàdúná

Tèmi ò gùn. Àbúrò mi gba America the Beautiful, ẹyọ owó fàdákà Amẹ́ríkà ti áúnsì 5, lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ kan tó ń padà s'Ámẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe láti 2010 sí 2021 yẹn. Ó ti dúdú díẹ̀. Kó tó gbé e wá fún mi láti bá a tà á ó ti fi pẹ́sítì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ tó ń dán yanranyanran, inú ẹ̀ ń dùn! Ẹni tó fẹ́ rà á ní Èkó ní ká ya fọ́tò ẹ̀ lábẹ́ oòrùn, bá a ṣe ya fọ́tò ọ̀hún báyìí, ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ti bo gbogbo ojú George Washington. Ó ní òun ò rà á mọ́, òun ì bá rà á ní dúdú ẹ̀. La bá gbé e fún oníṣọ̀nà fàdákà níbí, ìyẹn ò wo ojú Washington rárá, síkéèlì ló ń wò. Òun náà fẹ́ gbọ́n mi o, ó ní áúnsì 5 jẹ́ gíráàmù 141, ìyẹn áúnsì tí wọ́n fi ń wọn ẹran àti bọ́tà, mo ní kó wo síkéèlì ara ẹ̀, 155 àti ààbọ̀ ló wà níbẹ̀. Gíráàmù 14 ló fẹ́ gbé mì yẹn.

Ṣọlá Jos

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ti áúnsì 10, Kookaburra náà ni, etí ẹ̀ ti ń dúdú, ìka ẹnìkan sì hàn lára ẹ̀ ketekete. Ṣé kí n má fọwọ́ kàn án rárá ni?

Bàbá Ìbejì, Lugbe

Ṣọlá, má fọ̀ ọ́. Dúdú yẹn, sọ́fọ̀ inú afẹ́fẹ́ ló ń fà á, kò dín ìwọ̀n ẹ̀ kù. Tó o bá fẹ́ gbé e, etí ni kó o dì mú. Má sì fi sínú ọ̀rá PVC rírọ̀ tó máa ń rùn yẹn, ó máa ń yọ nǹkan tútù bíi epo sí i lára, ìyẹn gan-an ló máa bà á jẹ́. Wá ike líle tó bá a mu. Kọ́kọ́ fi han àwọn tó ń kó o jọ, tí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kó o tó gbé e lọ bá àwọn tó ń yọ́ ọ. Ya fọ́tò ojú méjèèjì ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, má lo filáàṣì, jẹ́ kí ibi tí ìka wà hàn dáadáa. Ya ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀ náà o, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.