Ọkọ̀-ilé lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀: kí ló bàjẹ́, kí ló fà á, kí ló wò ó sàn?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀-ilé lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ la fẹ́ sọ, ìyẹn bọ́ọ̀sì tí wọ́n tú ìjókòó inú rẹ̀, tí wọ́n wá fi ibùsùn, fíríìjì àti sítóòfù gáàsì sí i, kí èèyàn lè sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Ẹ bá wa kó ohun tí ẹ mọ̀ síbí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wí pé "bátìrì kú, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀". Ìyẹn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àmì wo lẹ kọ́kọ́ rí? Èló ni mítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn iná, kà? Kí ló fà á, kí lẹ ṣe sí i, ṣé ó tún padà wá? Ẹ sọ ìgbà náà pẹ̀lú, òjò ni àbí ọyẹ́, nítorí ọkọ̀ tó ń gbóná lóṣù Ẹrẹ́nà lè máà gbóná rárá lóṣù Agẹmọ.

Oníná Àjàṣẹ́

Ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ jù nìyí: fíríìjì fọ́ltì 12 máa ń kú ní nǹkan bí aago 2 òru, tí ilẹ̀ bá mọ́, á tún jí. Bátìrì ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà ló jẹ̀bi.

Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó ń jẹ iná, kí bátìrì sinmi fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ tó fi mítà kàn án. Bátìrì olómi tó kún dáadáa máa ka fọ́ltì 12.6 sí 12.7. Tó bá ka 12.2, ó ti dé ìdajì, ẹ má lò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi máa wá sí 11.9, ó ti gbẹ, bátìrì tí ẹ bá sì ń gbẹ bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ nínú ooru ilẹ̀ wa yìí kò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: lórí bátìrì, àti lẹ́nu fíríìjì gan-an. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ju 0.3 lọ, ẹ má ì tíì ra bátìrì. Wáyà ni kí ẹ rà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fíríìjì tó ń fa ámpù 5, tó sì jìnnà sí bátìrì ní mítà 5, iná rẹ̀ rin mítà 10, àlọ àti àbọ̀. Wáyà 1.5 (mm², bó ṣe nípọn tó nìyẹn) tí àwọn oníná fi ń ṣe iná inú ilé máa jẹ nǹkan bíi fọ́ltì 0.6 sójú ọ̀nà. Wáyà 4 máa jẹ 0.2 péré. Ẹ wá wò ó: bátìrì wà ní 12.0 lóru bí fíríìjì ṣe ń fà á, wáyà mú 0.6 níbẹ̀, 11.4 ló kù. Nígbà tí kọ̀mpirẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra, á fà ju 5 lọ, iná á tún rẹlẹ̀ sí i. Fíríìjì tí wọ́n bá sì ti ṣètò ààbò bátìrì rẹ̀ sí òkè pátápátá máa ń pa ara rẹ̀ láàárín 11 sí 11.8, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹran bàjẹ́, bátìrì kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ họ ara rẹ̀. Bó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Kò gbé iná tó bàbà, ojú ibi tí wọ́n bá sì ti dè é máa ń gbóná. Ó pọ̀ lọ́jà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ bí òwú. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 20 sí orí bátìrì, nítorí wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe fíríìjì. Fún wáyà 4 yìí, fíùsì 15 tó.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.4 ló yẹ kí mítà kà lórí bátìrì. Tó bá dúró sí 12.5, kí ẹ tó tú ọ̀tánétọ̀, ẹ̀rọ ara ẹ́ńjìnnì tó ń fún bátìrì níná, ẹ wo fánbẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wo wáyà dúdú tó ti bátìrì lọ sára irin ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbí a máa jẹ ẹnu rẹ̀, ẹ máa rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á títí á fi dán, ẹ dì í le, kí ẹ wá fi gíríìsì bò ó.

Ti oòrùn: páànẹ́lì wáàtì 200, ẹ ṣírò wákàtí mẹ́rin àbọ̀ oòrùn gidi lóòjọ́, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru àti eruku. Ámpù-wákàtí 55 tàbí díẹ̀ sí i ló máa kù. Fíríìjì nìkan lè jẹ 30 sí 40 nínú rẹ̀. Ẹ má sì lẹ páànẹ́lì mọ́ òrùlé ọkọ̀ o. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, torí bí páànẹ́lì bá ṣe ń gbóná sí i ni iná rẹ̀ ń dín kù.

Ọmọ Wandó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Àwọn tó ń lo bátìrì lítíọ̀mù ńkọ́? Ṣé ìwọ̀n kan náà ni?

Oníná Àjàṣẹ́

Rárá o, àbúrò. Ẹ má fi fọ́ltì mọ bí lítíọ̀mù ṣe kún tó. Láti ìdá 40 dé 70 nínú ọgọ́rùn-ún, àárín 13.1 sí 13.2 ló máa wà, kò ní mì. Mítà tó ń ka ámpù tó wọlé àti èyí tó jáde ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má sì so ó mọ́ ọ̀tánétọ̀ ní tààrà. Lítíọ̀mù mọ iná mu, ọ̀tánétọ̀ kékeré tó bá ń fún un mu láìsinmi lè jóná. Ẹ̀rọ DC-DC ámpù 20 tàbí 30, tó ń díwọ̀n iná tó ń kọjá, ló yẹ kó wà láàárín wọn.

Mẹkáníìkì ọ̀nà Sákétẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ti gbígbóná, nítorí òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì gásúwáìlì, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní dísù. Ọkọ̀ tó di ilé ti di ẹrù: omi lítà 60 nìkan, kílò 60 nìyẹn, ká tó sọ ti pákó àti bátìrì. Hiace àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì 2L tàbí 3L (orúkọ ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe lítà) sì burú jù, torí abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ kò rí i dáadáa, kúláàsì rẹ̀, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, sì yára sán. Ìgbà tó ń gbóná ló máa sọ ohun tó ń ṣe é.

Bó bá ń gbóná nínú súnkẹẹrẹ ọjà, tó sì ń tutù tó bá ti jáde sójú títì, fáànù ni. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, ẹ fi ọwọ́ yí fáànù: bó bá ń yí fàlàlà láìsí ìdènà kankan, epo inú kílọ́ọ̀ṣì fáànù náà ti jò tán. Bó bá jẹ́ pé lórí eré tàbí lórí òkè ló ń gbóná, tó sì jẹ́ẹ́ nínú súnkẹẹrẹ, ràdíétọ̀ ti dí, nínú tàbí lóde. Èso koríko àti kòkòrò ló máa ń dí i lóde. Ẹ fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì síta, ẹ má fọ̀ ọ́ láti iwájú, torí ńṣe lẹ máa tún ti ìdọ̀tí wọ inú. Àwọn tó ń fi omi líle fọ̀ ọ́ ń tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ wó ni.

Èyí tó burú jù: ẹ ṣá ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ nígbà tó ṣì tutù, ẹ di rọ́bà òkè ràdíétọ̀ mú. Bó bá le bí igi kí ìṣẹ́jú kan tó pé, tí omi ò sì tíì lọ́wọ́ọ́wọ́, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ti ń wọ inú omi. Gáskẹ́ẹ̀tì kúláàsì ti lọ, tàbí kúláàsì fúnra rẹ̀ ti sán. Ẹ má pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé wọ́n fi rúlà irin wo ojú kúláàsì bóyá ó tẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó lẹ sọ sómi.

Omi kànga kọ́ ni omi ràdíétọ̀. Ó ń fi ẹfun sínú àwọn ihò rẹ̀. Ìdajì omi ràdíétọ̀ aláwọ̀, ìdajì omi tí a gbà láti inú oru omi híhó, irú èyí tí wọ́n fi ń bu omi kún bátìrì, kì í ṣe ásíìdì.

Ọmọ Wandó

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kan ní gáràjì máa ń yọ tẹmọ́sítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí ràdíétọ̀, dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún un.

Mẹkáníìkì ọ̀nà Sákétẹ́

Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, àṣìṣe sì ni. Ẹ wo abẹ́ tẹmọ́sítáàtì náà: bó bá ní àwo kékeré kejì nísàlẹ̀ sípíríìnì rẹ̀, iṣẹ́ àwo yẹn ni láti dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi gbígbóná ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé ràdíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣí sílẹ̀ gbayawu, díẹ̀ nínú omi kò ní rí ràdíétọ̀ mọ́, ọkọ̀ tí ẹ ní kó tutù á wá gbóná sí i lórí òkè. Ẹ dán an wò: ẹ fi okùn so ó sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, bíi 82, ni ìwọ̀n ooru tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ ra tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà.

Ará Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láàárín Pọ́bẹ̀ sí Kétu, ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ amọ̀ dúdú. Lẹ́ẹ̀rùn, ó máa ń la bí àwo; lẹ́yìn òjò, ó máa ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà á fi dà bí ẹ̀kọ. Àwọn kan ń kọ́ni pé kí a tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá rì. Iyanrìn ni ìyẹn ń ràn lọ́wọ́: láti afẹ́fẹ́ kílò 4 (bar 4) wá sí 1.8, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré. Amọ̀ dúdú kò gbọ́ oògùn yẹn. Ohun tó ń yọ ọkọ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀ka igi àti òkúta lábẹ́ táyà, pẹ̀lú sùúrù. Bí òjò bá rọ̀ lánàá, ẹ má kúrò lórí títì.

Táyà tòkunbọ̀: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti lé ní ọdún méje, kódà bí eyín rẹ̀ bá ṣì ga, ẹ má gbé e sábẹ́ ọkọ̀-ilé. Ẹ sì wo lẹ́tà C lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, bíi 195R15C. Láìsí C, ti ọkọ̀ kékeré nìyẹn, kò lè ru ẹrù yín.

Epo fàyàwọ́ inú ìgò ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ń pè ní kpayo: ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Omi á lọ sísàlẹ̀, ẹ máa rí ìlà rẹ̀ kedere. Bí omi bá ti wọ ọkọ̀ gásúwáìlì, ẹ tú ìdérí abẹ́ fílítà kí omi jáde, kí ẹ wá máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú sukúrù afẹ́fẹ́ ní ṣíṣí títí ìfóófòó á fi tán. Ẹ má máa ṣá sítátà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rọ yín lẹ ń jó.

Káfíńtà Àjàṣẹ́

Ti òrùlé tó ń jò. Ibi tí omi ti ń kán sórí ibùsùn kọ́ ni ihò wà. Omi máa ń tọ irin òrùlé rìn, ó lè rìn ju mítà kan lọ kó tó kán. Kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíì máa da omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣẹ́jú márùn-ún níbì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, gbogbo rẹ̀ á tutù pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Sílíkóònù ilé ìwẹ̀ kò yẹ níbẹ̀. Ó máa ń ṣí, nǹkan kan kì í sì í lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó bá ti kan. Mástíìkì polyurethane, irú Sikaflex, ni. Ẹ ha ti àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi sipíríìtì nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ìpẹtà bá wà, ẹ ha á dé irin, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ẹ má fi sukúrù fún un pọ̀ títí á fi tán lábẹ́. Ó yẹ kí mílímítà 2 sí 3 kù, òun ni yóò máa nà tí òrùlé bá ń gbóná tó ń tutù. Nǹkan bíi mílímítà 3 ló ń gbẹ lóòjọ́, nítorí náà ẹ má fi òjò dán an wò lọ́jọ́ kejì.

Pákó ilẹ̀ ọkọ̀: ẹ kun etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó tẹ́ ẹ, torí etí ni omi ń gbà wọlé. Ikán sì lè gba orí igi tí ẹ fi dá táyà dúró gòkè. Ẹ lo òkúta.

Ìyá onígáàsì

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni tèmi. Gáàsì inú ìgò yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Ihò àyè gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ pátápátá níbi tí ẹ gbé ìgò sí, kó jáde sí ìta ọkọ̀. Ọdún tí rọ́bà gáàsì máa kú sábà máa ń wà lára rẹ̀, ẹ kà á. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe iná ìṣáná. Èédú kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ láé, kódà bí ọyẹ́ bá ń gbọ̀n yín. Èéfín rẹ̀ tí imú kò gbọ́ ló ń pani lójú oorun.

Ará Sábẹ̀

Ìyá, ẹ ṣeun o. Ẹni tó bá ń ti Kétu bọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń gba Kóvẹ̀ àti Bòhíkọ̀n bọ́ sí títì ńlá tó lọ sí Ìdáṣà. Tó bá yà kúrò lórí títì lásìkò ọyẹ́, eruku ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, torí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń sáré máa ń fa nǹkan mọ́ra. Ẹ ti fèrèsé ẹ̀yìn, kí ẹ tan afẹ́fẹ́ iwájú sí èyí tó ń fa ti ìta wọlé. Inú ọkọ̀ á kún fún afẹ́fẹ́, eruku ò ní ráyè. Láti mọ rọ́bà tó ti kú, ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fà á. Níbi tó bá ti yọ wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni rọ́bà ti tẹ̀.

Fílítà afẹ́fẹ́: ẹ fẹ́ ẹ láti inú síta, kí agbára rẹ̀ má ju kílò 2 lọ, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti inú. Bí ẹ bá rí iná níbì kan bí ojú abẹ́rẹ́, ó ti lu, ẹ jù ú. Páànẹ́lì oòrùn, ẹ nù ún láàárọ̀ kó tó gbóná. Àpáta wa máa ń tọ́jú ooru ọ̀sán. Ọkọ̀ tí ẹ bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í tètè tutù lóru. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀.

Ọmọ Wandó

Ẹ̀gbọ́n Kétu, nọ́ọ̀tì táyà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ pọ́ńkúù ńkọ́?

Ará Kétu

Ẹ dì í ní ìdojúkọ, kì í ṣe yíyíká, kí táyà sì wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dì í kẹ́yìn. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún un dì. Kí ẹ wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin táyà. Láràárọ̀, kí ẹ tó ṣá ọkọ̀, ẹ wo ìlà náà. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá ti já, ó ti yí nìyẹn.