Ìrírí wa lórí iṣẹ́ abẹ aorta: alẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì kọ̀ tí kò gbéra

Nọ́ọ̀sì ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni mí. Bàbá kan ni mo tọ́jú, aorta wọn, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, ló wú láti àyà dé ikùn. Àwọn dókítà gé ibi tó wú, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Bàbá jí, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n gbé, gbogbo wa dúpẹ́.

Ara aorta yìí kan náà ni àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń yọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn, iṣan Adamkiewicz, apá òsì ló sábà máa ń wà. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ tó, ẹsẹ̀ á rọ. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Aago mẹ́ta òru, mo tún lọ bá wọn, bí mo ṣe ń ṣe ní wákàtí wákàtí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè."

Ọ̀tún gbéra. Ti òsì, àtàǹpàkò nìkan ló mì díẹ̀.

"Oorun ló ń kùn mí, ọmọ mi. Jẹ́ n sùn."

N ò gbà. Ìpíndọ́gba ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti já wá sí 68. Rọ́bà tín-ínrín tó ń fa omi láti ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́po sábẹ́ ìbàdí, omi ò kán mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń tì láti wọlé, omi tó yí mùdùnmúdùn ká ń tì í padà. Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ tí omi sì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè.

Mo pe dókítà. A tú rọ́bà, a fi oògùn gbé ìfúnpá kọjá 90, a fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Omi náà, a ò jẹ́ kó ju mílílítà 10 lọ ní wákàtí kan, torí bó bá yára jáde jù, ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú agbárí.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sunkún.

*

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìyá mi, tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún, ni tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pín iṣẹ́ abẹ wọn sí, kí àwọn iṣan yòókù lè ráyè gba iṣẹ́ èyí tó bá dí ṣe. Ní alẹ́ kejì, mo jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì kan pé kí ló dé tó ń jí wọn ní gbogbo wákàtí. Ẹsẹ̀ ara wọn ni Màámi fi ń rìn lónìí. Ó wù mí kí n rí nọ́ọ̀sì yẹn, kí n bẹ̀ ẹ́.