Ta ló mọ Yunifásítì Manitoba? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adéọlá, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ọ̀gìnìntìn o, ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn ni mo kà jáde, mo sì fẹ́ wá ka másítà. Ẹnìkan ní kí n gbìyànjú Yunifásítì Manitoba, ní Winnipeg. Mo ti lọ́kọ, a sì ti bí ọmọ kan. Ágẹ́ńtì kan ní kí n mú ₦600,000 wá, òun á bá mi ṣe gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé kí n san án? Báwo ni ibẹ̀ tilẹ̀ ṣe rí?

Ìyá Ìbejì, Pembina:
Adéọlá, má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù wà, ìwọ fúnra ẹ lè kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù kọ́ ni wàhálà. Másítà tí wàá kàn jókòó sí kíláàsì kà wà, èyí tí wàá ṣèwádìí fún wà. Ti ìwádìí ni kó o mú, torí ibẹ̀ ni owó ìrànwọ́ sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní láti gbà pé òun á bójú tó ìwádìí ẹ. Bí kò bá sẹ́ni tó gbà, máàkì ẹ ì báà ga bí Olúmọ, ilẹ̀kùn ò ní ṣí.

Nítorí náà, wọ ojú ewé ẹ̀ka irúgbìn, kó o wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣèwádìí lé lórí. Ka iṣẹ́ wọn kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, kọ ìmeèlì tí kò ju ìlà mẹ́jọ lọ: ẹni tó o jẹ́, ohun tó o ṣe nínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹ, ibi tó ti bá tiwọn mu. Pe orúkọ wọn, má kọ “Dear Sir/Ma” síbẹ̀. Má sì da ìmeèlì kan náà sọ́dọ̀ ogún èèyàn, nítorí ọ́fíìsì wọn kọjú síra. Èmi kọ sí èèyàn mẹ́rìndínlógún. Mẹ́ta dáhùn, ẹyọ kan ló gbà mí.

Bàbá Àlàbí, Fort Garry:
Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ti tó. Kí n fi ti iléèwé náà kún un. 1877 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Ìwọ tó o ka irúgbìn, mọ èyí: òróró canola tá a fi ń din dòdò níbí, ọwọ́ Baldur Stefansson ti yunifásítì yìí wà nínú ẹ̀, òun àti Keith Downey ní Saskatoon. Láti ara irúgbìn kan tó ń jẹ́ rapeseed ni wọ́n ti yọ ọ́, èyí tí epo rẹ̀ kò dáa tó fún jíjẹ. 1974 ni irúgbìn tí Stefansson pè ní Tower jáde.

Ọgbà iléèwé tó wà ní Fort Garry, létí odò Red River, ni ẹ̀kọ́ tìẹ wà. Bannatyne, nítòsí àárín ìlú, ni ti àwọn oníṣègùn. Bọ́ọ̀sì BLUE ń lọ láti àárín ìlú dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ sì so púpọ̀ nínú àwọn ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Bí òtútù bá di -30 lóṣù January, abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń gbà.

Ṣèyí:
Bàbá, ẹ ò sọ ti mọ́tò fún un! Adéọlá, níbí, mọ́tò tó ń mu bẹntiróòlù là ń so mọ́ iná lálẹ́ bí ẹni ń ṣáájì fóònù, kí ẹ́ńjìnnì má baà kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Má ra kóòtù nílé o. Ọ̀gìnìntìn Jos ni wọ́n rán àwọn yẹn fún.

Adéọlá, Abẹ́òkúta:
Háà! Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi àti ọmọ ńkọ́? Ti owó ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Pembina:
Láti 1 September 2025, dọ́là Kánádà 22,895 ni ìjọba ní kí ẹnìkan fi hàn fún gbígbọ́ bùkátà ọdún kan, kó tó gba ìwé àṣẹ láti wá kàwé. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, 35,040 ni. Owó iléèwé àti ti ọkọ̀ òfuurufú ò sí nínú ẹ̀ o, ìjọba sì máa ń yí iye náà padà, torí náà wo ojú ewé wọn kó o tó ṣe ohunkóhun. Ọkọ ẹ lè gba ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ tí másítà ẹ bá tó oṣù 16. Ìwọ náà lè fi wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ níta iléèwé tí kíláàsì bá ń lọ.

Tí ágẹ́ńtì yẹn bá ní òun fẹ́ bá ẹ gba lẹ́tà ẹ̀rí ìpínlẹ̀, ìyẹn lẹ́tà tí ìpínlẹ̀ fi ń jẹ́rìí sí ẹni tó ń bọ̀ wá kàwé, rẹ́rìn-ín. Láti January 2026, ẹni tó ń bọ̀ wá ka másítà ní yunifásítì ìjọba kò nílò ẹ̀ mọ́.

Transcript, ìwé máàkì láti iléèwé tó o ti jáde, ni kó o sáré sí. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wá fáìlì tèmi, àfìgbà tí àbúrò mi lọ jókòó tì wọ́n.

Adéọlá, Abẹ́òkúta:
Mà á dé ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ Monday, mà á gbé àga tèmi lọ.

Ìyá Ìbejì, Pembina:
Gbé oúnjẹ náà dání. Kó o tó fi ìmeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n, jẹ́ kí n rí i ná.