Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní Jámánì, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fowó ara mi ra tíkẹ́ẹ̀tì

Alákọ̀wé_Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dìsáínà wẹ́ẹ̀bù ni mí n'Íbàdàn, ó ti di ọdún mẹ́fà. Lánàá ni íméèlì kan wọlé: àpérò kan ní Düsseldorf fẹ́ kí n wá fi ìṣẹ́jú 40 sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gbé Yorùbá tòun tàmì ohùn sórí wẹ́ẹ̀bù. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró ní Mọ́kọ́lá kí n lè kà á dáadáa. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí i pé èmi ni màá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, wọn yóò dá owó rẹ̀ padà lẹ́yìn àpérò. Kútọnu nìkan ni mo dé rí. Ó ku oṣù mẹ́ta. Kí ni kí n bi wọ́n kí n tó gbà?

Ìyá_Píksẹ́lì:
Àbúrò, o kú oríire. Má tíì fún wọn lésì.

Ẹni tó ní kí o ra tíkẹ́ẹ̀tì kóun tó san án padà, owó ló ń yá lọ́wọ́ rẹ. Mo ti yá irú wọn rí. Ní 2019, tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Frankfurt kó gbogbo owó ọwọ́ mi lọ. 60 yúrò ló kù lápò mi nígbà tí mo balẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo gbọ́kàn lé: màá jẹun yó, màá wá fi tíṣù di ẹyin bíbọ̀ méjì sínú báàgì fún ọ̀sán. Oṣù mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó san án, wọ́n tún ní àwọn ò lè fowó ránṣẹ́ sí báǹkì Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham ló bá mi gbà á. Kò sí ìkà nínú wọn o. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin láti Berlin ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń kọ sí wọn: "Ẹ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì náà lórúkọ mi." Àwọn kan gbà, àwọn kan ò fèsì mọ́, mo sì sùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì sanwó bàálù kí físà tó jáde. Ìwé tó fi hàn pé ẹ ti di àyè mú ti tó. Físà Schengen ni, èyí tí wọ́n fi ń wọ Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, 90 yúrò, wọn kì í dá a padà bí wọn ò bá fún ọ. Lábẹ́ òfin, ọjọ́ 15 ni kí wọ́n fi dá ọ lóhùn lẹ́yìn tí o bá ti kó ìwé sílẹ̀, ó sì lè di 45. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wàhálà wà, ọjọ́ tí wọn yóò dá fún ọ pé kí o wá kó ìwé sílẹ̀ ni. Lọ gbà á lónìí. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò, àti lẹ́tà ìpè tó sọ ẹni tó ń san bàálù, ẹni tó ń san hòtẹ́ẹ̀lì, àti ọjọ́ tí o máa padà. Bí lẹ́tà bá kàn ní "à ń retí rẹ", dá a padà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tó o fẹ́ lọ sọ yẹn, ó ti dójú tì mí rí. Wọ́n da súláìdì mi sórí kọ̀ǹpútà tiwọn, fọ́ǹtì mi ò sí níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ẹ àti ọ ní àyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ́ àti ọ̀ ò ní, àmì ohùn kàn gun orí wọn lọ́tọ̀ ni. Gbogbo àmì bá bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Àwọn èèyàn rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n pàtẹ́wọ́! Gbé láptọ́ọ̀pù tìrẹ lọ, ní PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ nípamọ́, kí o sì ra orí ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò wọ ògiri wọn.

Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ẹni tó ń dúró de ìtàgé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ṣáájú mi, fídíò ni mo padà wò nílé.

Ọmọ_Ṣómólú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn tán. Èmi ò sọ̀rọ̀ níbì kankan rí, mo kàn ń lọ gbọ́ ni. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ sí àpérò kan ní Accra: Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Aflao. Àwa ọmọ ECOWAS ò nílò físà, yẹ́lò káàdì ni wọ́n ń dà wá láàmú sí. Orí ìlà oúnjẹ ọ̀sán ni mo ti pàdé ẹni tó gbé iṣẹ́ ọdún méjì fún mi. Tí mo bá ní dandan kí ẹnìkan ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ńkọ́?

Ìyá_Píksẹ́lì:
Ìwọ lọ wá oníbàárà, ìyẹn dáa. Òun, wọ́n pè é ni. Àwọn tó máa jókòó gbọ́ ọ ń sanwó ìwọlé. Ta ló ń kó owó yẹn?

Alákọ̀wé_Bódìjà:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ti gbà láti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní náà ni wọ́n fi mí sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yá jù tí mo rí láti kó ìwé físà sílẹ̀, ọjọ́ 17 péré ló fi ṣáájú àpérò.

Ìyá_Píksẹ́lì:
Di ìyẹn mú ná. Kí o wá máa ṣí ojú-ewé tí o ti gba ọjọ́ físà ní ìdájí, torí àwọn kan máa ń fi ọjọ́ tiwọn sílẹ̀. Kí o sì sọ fún àwọn ará Düsseldorf lónìí bí ọjọ́ ṣe há tó, kí wọ́n má lọ tẹ orúkọ rẹ sára ògiri kí físà tó jáde.