Ṣé a lè fi ẹja wẹẹrẹ inú ibú òkun bọ́ ẹja àrọ̀?

Olóòsìn Kabba: Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹja lílọ̀ tí à ń pò mọ́ oúnjẹ ẹja àrọ̀ ti wọ́n gógó. Wọ́n ní ẹja tó pọ̀ jù láyé ò ju ìka ọwọ́ lọ, inú ibú òkun ló wà. Kí ló dé tí wọn kì í kó o wá ká rí i lọ̀?

Aláwọ̀n: Bẹ́ẹ̀ ni, bristlemouth ni wọ́n ń wí. Kò sí ẹranko eléegun ẹ̀yìn tó pọ̀ tó o. Ṣùgbọ́n lanternfish, ẹja wẹẹrẹ mìíràn nínú ibú, ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá. Lọ́sàn-án, ibi tó jìn tó 200 sí 1,000 mítà ló ń gbé. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀pọ̀ wọn á gòkè wá jẹ kòkòrò omi tó kéré ju edé lọ. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti padà sísàlẹ̀. Iná wẹẹrẹ tò síkùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o: iná yẹn ń bá ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ látòkè dọ́gba, kí ọ̀tá tó wà nísàlẹ̀ má bàa rí òjìji rẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú: Gúúsù Áfíríkà ti pa lanternfish fún ẹja lílọ̀ rí. Òróró inú rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó ń da iṣẹ́ ẹ̀rọ rú, wọ́n sì pa á tì láàárín àwọn ọdún 1980. Ẹja lílọ̀, ṣe ni wọ́n ń sè é, wọ́n á tẹ omi àtòróró jáde, wọ́n á gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Kìlò 4 sí 5 ẹja tútù ló ń di kìlò 1. Tí òróró bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń rùn. Ẹ wá ka owó dísù ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n olójú kékeré nínú ibú mọ́ ọn.

Aláwọ̀n: Àti pé oúnjẹ àwọn ẹran omi mìíràn ni lanternfish. Tuna, squid, dọ́fínì, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́. Ohun tí lanternfish bá jẹ lókè lóru, ìsàlẹ̀ ló ń yàgbẹ́ rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù, èròjà tó wà nínú oúnjẹ yẹn, ṣe ń wọ ibú lọ.

Olóòsìn Kabba: Sóyà ló kù nìyẹn?

Ọmọ Ìsánlú: Sóyà àti kúlíkúlí. Ẹ yan sóyà dáadáa: tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹja da oúnjẹ rẹ̀. Kúlíkúlí tó bá ti bu, ẹ má rà á, májèlé ni. Ẹ má yọ ẹja lílọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa dín in díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wọn ẹja yín.