Ṣé "bárakú" ló yẹ ìnira tó pẹ́ lára màlúù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu dábàá pé kí a pe ìnira ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń wọ̀n lára màlúù tí a ń fún wàrà rẹ̀ ní "ìnira bárakú", bí a ti ń sọ àìsàn bárakú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun tó bá ara kú kì í fi ara sílẹ̀, ṣùgbọ́n màlúù tí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ń ni lára lè rí ìtura bí a bá tẹ́ koríko gbígbẹ fún un láti dùbúlẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni, èròjà kan tí ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lórí kíndìnrín ń sun sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì máa ń pọ̀ sí i bí ìnira bá dé bá ara. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ màlúù, dídì tí a dì í mú nìkan tó láti gbé kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà ìpayà ọjọ́ yẹn ni a wọ̀n. Ti inú wàrà kò ju ọ̀rọ̀ wákàtí mélòó kan lọ. Irun ló yàtọ̀: bó ti ń hù ni kọ́tísọ́ọ̀lù ń wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé irun tí a fá lónìí ń sọ ohun tí ojú màlúù ti rí láti ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ìyẹn má baà da èsì rú. (Irun dúdú àti funfun kì í sábà sọ iye kan náà, kódà lára màlúù kan ṣoṣo.)

Níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìyá tí mo ń ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ wo màlúù kan lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ó ti pẹ́ lára rẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti mú "ìnira apẹ́lára". "Másùnmáwo" dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n oorun ló mẹ́nu bà, irun kò sì sọ nǹkan kan nípa oorun. Ẹ jẹ́ kí a tún ṣọ́ra: irun ni òṣùwọ̀n, iye tí a rí nínú rẹ̀ ni ìwọ̀n.

Ibi tí mo ṣì ń ṣiyè méjì ni ìnira ojú ẹsẹ̀. Mo ti pè é ní ìpayà lókè, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán gangan ń ni màlúù lára láìpa á láyà. Kí ni kí a wá pe ìyẹn?