Dírọ́ọ̀mù orin rọ́ọ̀kì àtijọ́: ṣé ọwọ́ onílù náà là ń gbọ́, àbí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀?

ỌmọÌjàpọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onímáìkì. Yàrá tí a ti ń gba orin sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 10, fóòmù ló bo gbogbo ògiri. Snare (ìlù pẹlẹbẹ tó ń dún "pà") ń dún bí agolo mílíìkì. Irú ìlù "When the Levee Breaks" ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Led Zeppelin la fẹ́. Máìkì mélòó ni wọ́n lò? Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń yọ ìlù kúrò, tí wọ́n á fi òmíràn rọ́pò? Báwo la ṣe lè pààrọ̀ snare tiwa? Onílù ti padà sí Ondó.

MáìkìMéjì:
Máìkì méjì péré ni, àbúrò. Ilé àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Headley Grange, ni wọ́n ti gbà á. Orin náà jáde ní 1971. Wọ́n gbé ìlù John Bonham, onílù wọn, sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Andy Johns tó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀ sì so máìkì Beyerdynamic M160 méjì rọ̀ láti òkè. Ohùn náà gba inú Binson Echorec, ẹ̀rọ tó ń dá ohùn padà (echo), kọjá, wọ́n sì fi compressor fún un dáadáa. Compressor á tẹ ìlù tó le mọ́lẹ̀, ìró yàrá tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á wá gòkè.

Fóòmù yín yẹn ló ń dà yín láàmú. Ohùn tínrín nìkan ló ń jẹ, kò lè jẹ èyí tó wúwo. Ẹ gbé ìlù lọ sí ìdí àtẹ̀gùn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan. Àmọ́ kí iná NEPA wà o! Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, compressor tó ń gbé ìró yàrá sókè á gbé e sókè pẹ̀lú.

Bí kò bá sí àtẹ̀gùn, ẹ gbé máìkì kan sókè snare ní nǹkan bíi mítà kan, èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ floor tom (ìlù ńlá tó fi ẹsẹ̀ dúró nílẹ̀), kí ó kọjú sí snare. Ẹ di okùn mú láàárín awọ snare, kí ẹ fi wọn ọ̀nà méjèèjì kí wọ́n dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 34 jìnnà ju èkejì lọ, ohùn á pẹ́ dé ibẹ̀ ní ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ohùn 500 Hz á máa pa ara rẹ̀, ikùn snare, ìyẹn ìró rẹ̀ tó wúwo, á sì lọ.

AwọÒunIgi:
Lórí pípààrọ̀: ó ṣẹlẹ̀, àmọ́ oríṣiríṣi ni. Ní "Love Me Do" ti The Beatles (1962), onílù ni wọ́n pààrọ̀. Ringo Starr, onílù wọn, lù ú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 11, Andy White ló jókòó sídìí ìlù, Ringo sì ń mi tambourine. Bí ẹ bá ti gbọ́ tambourine, ti White nìyẹn.

Ti Ozzy Osbourne, akọrin rọ́ọ̀kì, ló burú jù lójú tèmi. Àwo 1980 àti 1981 ni wọ́n tún gbé jáde ní 2002, wọ́n yọ ìlù Lee Kerslake kúrò, wọ́n fi ti Mike Bordin sí i. Ní 2011 ni ti àkọ́kọ́ tó padà.

Tiyín, ẹ má pa snare àkọ́kọ́ rẹ́. Bí snare yẹn bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni tó mọ igi mú lù ú lóun nìkan, kí ẹ gbà á sílẹ̀: ìgbà 10 fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 10 níwọ̀n, 10 kíkankíkan, kí ó jẹ́ kí ohùn kú tán kó tó lu òmíràn. Ẹ máa yí wọn po. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ń padà wá, bí ìbọn ni yóò máa dún. Ẹ fẹ àwòrán ohùn náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà, kí orí ìlù tuntun bá ti àtijọ́ mu géérégé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó gbọ́ "pa-pà" dípò "pà". Lẹ́yìn náà ẹ yí polarity (òkè àti ìsàlẹ̀ ìgbì ohùn) padà, kí ẹ mú èyí tí ikùn rẹ̀ pọ̀ jù.

ỌmọÌjàpọ̀:
Ẹ ṣé gan-an. A ti fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ ìlù àtijọ́ tó sì ń fi tuntun sí i dán an wò, hi-hat (àwo irin méjì tó ń pàdé ara wọn) náà ń pe snare jáde.

AwọÒunIgi:
Threshold yín (ìwọ̀n tí ohùn gbọ́dọ̀ le dé kó tó pe snare) ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ gbé e sókè títí hi-hat á fi dákẹ́. Àwọn ìlù kéékèèké tó bá sọnù, ẹ fi ọwọ́ tò wọ́n. Ẹ sì rántí pé agolo yẹn ṣì wà nínú máìkì òkè, nítorí náà abẹ́ ti àtijọ́ ni kí ẹ fi ti tuntun sí.